Ìpayà Ọmọ Tó Ń Wọ Òṣìṣẹ́ Ilé Ìwé Lára, àti Ẹni Tó Yẹ Kó Wá Nǹkan Ṣe sí I

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé káàkiri àgbáyé ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn bí wọ́n ṣe lè dá ọmọ tí ojú ń pọ́n mọ̀. Wọ́n ní kí olùkọ́ máa la ojú sílẹ̀: ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì lójoojúmọ́, ọmọ tó ń ta gìrì bí ẹnì kan bá gbọ́wọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ tí kì í fẹ́ lọ sílé nígbà tí agogo ìjáde bá lù. Wọ́n ní kó sún mọ́ ọmọ náà, kó fi í lọ́kàn balẹ̀, kó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, àwọn olùkọ́ sì gbà á. Àwọn ọmọ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohun tí wọn kì í sábà rántí nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, tó sì ní láti padà síwájú kíláàsì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti kọ́ wọn ní ìṣirò.

Ohun tó bá ojú ti bá imú. Olùkọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá nípa ọmọ tí wọ́n lù. Akọ̀wé tó tẹ ìròyìn nípa ọmọ tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ sórí kọ̀ǹpútà á dé ilé, á sì rí i pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ òun mọ́. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní secondary traumatic stress. Ìpayà àfaragbá ni màá máa pè é níbí. Charles Figley, ará Amẹ́ríkà tó ti kọ́kọ́ ṣe ìwádìí lórí àwọn sójà tó ti ogun Vietnam dé, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di mímọ̀ nínú ìwé kan tó gbé jáde ní 1995. Lójú tirẹ̀, kéèyàn mọ ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn, kó sì máa sapá láti ran onítọ̀hún lọ́wọ́, tó láti dá ọgbẹ́ sí òun náà lọ́kàn. Àwọn olùtọ́jú ọkàn, nọ́ọ̀sì àtàwọn tó ń sáré síbi jàǹbá ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ilé ìwé.

Àwọn kan ṣì máa ń sọ pé àṣejù ni, pé kí olùkọ́ gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn oníṣègùn kò rò bẹ́ẹ̀. Ní 2013, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ṣe àtúnṣe sí ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀. Níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé àìsàn tó máa ń tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ apániláyà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú kó máa gbọ́ kúlẹ̀kúlẹ̀ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ léraléra lè kó àìsàn náà. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fúnra wọn lò ni ọlọ́pàá tó ń gbọ́ kúlẹ̀kúlẹ̀ bí wọ́n ṣe fìyà jẹ ọmọdé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní ìpayà àfaragbá ló ní àìsàn yẹn o. Ṣùgbọ́n kí ni olùdámọ̀ràn ilé ìwé ń gbọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì bí kò bá ṣe ohun kan náà?

Àwọn ọmọ tó ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wá sílé ìwé kò kéré. Ní 1998, Vincent Felitti àti Robert Anda tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn àgbàlagbà tó lé ní 9,000 ní California, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kàwé, tí wọ́n sì ní ìbánigbófò ìlera. Ó lé ní ìdajì wọn tó sọ pé ó kéré tán ohun kan nínú àwọn ohun tí wọ́n béèrè ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kí àwọn tó pé ọdún 18: wọ́n lù wọ́n bí ẹni máa pa wọ́n, wọ́n bá wọn ṣèṣekúṣe, wọ́n ń lu ìyá wọn níṣojú wọn, tàbí ẹnì kan nínú ilé ń mutí bí ẹja tàbí ó wà lẹ́wọ̀n. Kò sí ilé ìwé tó lè sọ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ òun.

Bí a bá ní òṣìṣẹ́ ilé ìwé, olùkọ́ ló máa ń wá sọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló ń rí ilé tí ọmọ ti ń jáde, tó sì ń gbọ́ ariwo tó ń ti inú ilé náà wá kí ilẹ̀kùn tó pa dé. Alásè ló mọ ọmọ tó ń kó oúnjẹ sápò lọ́jọ́ Ẹtì nítorí kò sí nǹkan nílé títí di ọjọ́ Ajé. Agbálẹ̀ ló ń pa ohun tí ọmọdébìnrin kan kọ sára ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ́. Nọ́ọ̀sì ń rí ojú àpá. Bí wọ́n bá wá fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn olùkọ́ nìkan ni wọ́n ń pè sí gbọ̀ngàn. Alásè wà nílé ìdáná, ó ń se oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń wọlé. Olùkọ́ kan jókòó lálẹ́, ó ń máàkì àròkọ lórí bí wọ́n ṣe lo ìsinmi. Ọ̀pọ̀ ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀: bọ́ọ̀lù, ìrìn àjò, ọjọ́ ìbí. Ó wá kan ti ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó kọ nípa ọmọ ìyá rẹ̀ tó kọ́ ọ ní ayò, lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé ní alẹ́ kan, gbogbo wọn sá pa mọ́ sẹ́yìn ilé títí dádì fi sùn, nítorí ìyá wọn ní kí wọ́n má jẹ́ kí ó rí wọn. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ nínú gbólóhùn yẹn. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, ayò ló tún ń sọ. Bírò pupa dúró lọ́wọ́ olùkọ́. Kò mọ̀ bóyá kí òun fagi lé ọ̀rọ̀ tó ṣì kọ náà tàbí kí òun fi sílẹ̀.

Ó ṣe ohun tó tọ́, ó lọ sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní òfin tó sọ ọ́ di dandan pé kí olùkọ́ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó àwọn aláṣẹ létí. Ó kọ fọ́ọ̀mù, ó fọwọ́ sí i, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ò lè sọ nǹkan kan fún un, nítorí àṣírí ọmọ àti ti ẹbí rẹ̀ ni, òfin sì ni pé kí wọ́n pa á mọ́. Ọmọkùnrin náà ṣì ń wá sí kíláàsì, ó ṣì jókòó ní ìlà kẹta. Ní gbogbo àárọ̀, kí olùkọ́ tó kí kíláàsì, ojú rẹ̀ ti lọ sí ọrùn àti apá ọmọ náà. Ṣé wọ́n ti lọ sílé wọn? Ṣé dádì ti mọ ẹni tó sọ ọ́? Ṣé nítorí òun ni ọmọ náà kò ṣe jẹun lónìí? Nígbà tí kò ti rí ìdáhùn, ọkàn rẹ̀ á máa parí ìtàn náà fúnra rẹ̀, kì í sì í fi ire parí rẹ̀.

Mo rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun àwọn òṣìṣẹ́ jù nìyí, tí wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Gbígbọ́ lásán burú, ṣùgbọ́n kéèyàn gbọ́, kó ṣe ipa tirẹ̀, kí wọ́n wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, ìyẹn tún le ju. Bẹ́ẹ̀ kò ná ilé ìwé ní kọ́bọ̀ láti tún un ṣe. Ẹni tí wọ́n yàn láti máa mójú tó ààbò àwọn ọmọ lè padà wá bá olùkọ́ náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó ní: “Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ọwọ́ àwọn tó yẹ kó dé, wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. O ṣe dáadáa tó o sọ ọ́.” Kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ á sì lè sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Àwọn àmì rẹ̀ jọ ti ẹni tí nǹkan ọ̀hún ṣẹlẹ̀ sí gan-an. Brian Bride, tó ṣe ìwọ̀n kan fún un ní 2004 pẹ̀lú ìbéèrè 17, pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: ìrònú àti àlá tó ń já wọlé láìpè, yíyẹra fún ohun tó lè ránni létí, àti ara tí kì í balẹ̀, tí oorun ò sí, tí inú ń tètè bí èèyàn. Nílé ìwé, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn bí àìsàn. Olùkọ́ kan kàn ṣàdédé ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí kíláàsì nítorí kò fẹ́ kọjá níwájú ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn. Òmíràn ń pe ọmọ kan lórí fóònù ní òpin ọ̀sẹ̀, ó ń fi owó ara rẹ̀ ra bàtà fún un, kò sì lè sinmi bí ọmọ náà kò bá wá. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ ti di òkúta: ọmọ ń sunkún níwájú rẹ̀, ó ní irọ́ ló ń pa, kó lọ jókòó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ní ìwà rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀gá á kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ní sùúrù. Ó sì lè jẹ́ òun ló ní àánú jù nínú wọn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń da èyí pọ̀ mọ́ àárẹ̀ tí iṣẹ́ àṣejù ń fà, èyí tí Herbert Freudenberger kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1974. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àárẹ̀ ọ̀hún sínú ìwé àkójọ àrùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń ti ibi iṣẹ́ wá; wọ́n ní kì í ṣe àìsàn. Àwọn méjèèjì lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé yàtọ̀. Àárẹ̀ iṣẹ́ máa ń rọra kó jọ ni: kíláàsì tó kún jù, ìwé tí wọ́n ní kó kọ, owó oṣù tí kò tó. Ìpayà àfaragbá lè dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, látinú gbólóhùn kan ṣoṣo, kó sì bá ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, tí kò tíì rẹ̀. Figley tún sọ pé ó máa ń tètè lọ ju àárẹ̀ iṣẹ́ lọ bí wọ́n bá tètè mójú tó o.

Ìdí tí mo fi ń ya wọ́n sọ́tọ̀ ni pé oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì. Ẹni tí iṣẹ́ ti pa lórí, bó bá gba ìsinmi, ara á tù ú. Ẹni tí ìpayà ọmọ kan wà lọ́kàn rẹ̀, ìsinmi gígùn lè wá di ìyà fún un, nítorí ọmọ náà wà nílé pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù, kò sì sí agogo àárọ̀ tó máa mú un wá kó lè rí i pé ó ṣì wà láàyè. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá máa ń rò pé àwọn ti ṣojúṣe àwọn tí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ lọ sinmi.

Kò sì yé mi ìdí tí àwọn ilé ìwé kan fi rò pé ife ìmumi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ dídùn sí lára ló máa yanjú rẹ̀, tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì lórí bí èèyàn ṣe ń mí. Mímí dára. Rírin ìrìn nírọ̀lẹ́ dára. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ohun tí ilé ìwé ní láti fúnni bá jẹ́ ohun tí òṣìṣẹ́ máa lọ ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ pẹ̀lú àkókò ara rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ fún un ni pé ẹ̀bi rẹ̀ ni bí ara rẹ̀ ò bá yá. Ibi iṣẹ́ ni ewu náà wà. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń lo kẹ́míkà tó máa ní kí òṣìṣẹ́ lọ máa fọ ẹ̀dọ̀fóró nílé. Fèrèsé ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí.

Ohun mìíràn wà tí wọ́n máa ń ṣe pẹ̀lú èrò rere. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú bá ṣẹlẹ̀, bí ọmọ bá kú tàbí tí ẹnì kan gbé ìbọn wọlé, wọ́n á kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní kí kálukú sọ ohun tó rí àti bó ṣe rí lára rẹ̀, yípo yípo. Àjọ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, wo irú ìjókòó ẹlẹ́ẹ̀kan bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé kò dáàbò bo àwọn èèyàn lọ́wọ́ àìsàn tó ń tẹ̀ lé ìpayà; wọ́n ní kí wọ́n yé fipá mú èèyàn ṣe é. Ẹni tí kò rí nǹkan tẹ́lẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ báyìí látẹnu ẹni mẹ́tàdínlógún. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011 rọrùn ju ìyẹn lọ: wo ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́, tẹ́tí sí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, so ó mọ́ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n fún un lómi, kí wọ́n bá a mú kíláàsì rẹ̀.

Tí wọ́n bá bi mí léèrè ibi tó yẹ kí ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀, màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ dín iye ohun tí etí ń gbọ́ kù. Nínú ìpàdé, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ka fáìlì ọmọ kan sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún èèyàn mẹ́wàá, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí olùkọ́ eré ìdárayá nílò láti mọ̀ kò ju pé kí ó má ṣe fọwọ́ kan ọmọ náà láti ẹ̀yìn. Kí wọ́n sọ ìyẹn fún un, ó tó. Bákan náà ni láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́. Françoise Mathieu, ará Kánádà tó ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí, máa ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó da ọ̀rọ̀ wúwo sí ẹlòmíràn létí: “Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, ó wúwo díẹ̀. Ṣé ààyè wà kí n sọ ọ́ báyìí?” Bí èsì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ó sọ bó ṣe rí lára rẹ̀, kó fi ohun tí ojú ọmọ náà rí sílẹ̀. Nínú yàrá àwọn tísà, níbi tí ẹnì kan ti ń mu tíì, tí òmíràn sì wọlé tó ní “ẹ ò mọ ohun tí ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi,” ìyípadà kékeré yìí tóbi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìṣètò. Ta ló máa dúró ti kíláàsì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí olùkọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó bà á lẹ́rù? Kí orúkọ ẹni náà wà lára ògiri ọ́fíìsì lójoojúmọ́, kí wọ́n má ṣe máa wá a kiri nígbà tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀. Ta ló ní àwọn ọmọ tí ọ̀ràn wọn wúwo jù ní kíláàsì? Olùkọ́ tó bá mọwọ́ ọmọ ni wọ́n máa ń kó wọn lé, lọ́dọọdún, títí òun náà á fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ilé ìwé ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí olùdámọ̀ràn kan má ní ju akẹ́kọ̀ọ́ 250 lọ. Ilé ìwé tí kò ní ẹyọ kan, tàbí tí ẹnì kan ń mójú tó ẹgbẹ̀rún, olùkọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn láìgba owó rẹ̀. Àwọn olùtọ́jú ọkàn ní àgbà kan tí wọ́n ń bá jókòó déédéé láti sọ ohun tí iṣẹ́ ń ṣe fún wọn, ó wà lára iṣẹ́ wọn. Olùkọ́ kò ní irú rẹ̀, àyàfi ẹni tó bá ti ṣègbéyàwó, tó ń sọ ọ́ fún ọkọ tàbí ìyàwó lálẹ́.

Àwọn ohun kéékèèké wà tí ẹni tí kò tíì ṣe iṣẹ́ náà kò ní rò. Bí ọmọ kan bá kú, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ́jísítà. Olùkọ́ adelé wá láàárọ̀, kò mọ nǹkan kan, ó ń pe orúkọ, ó pe ti ọmọ náà, ó sì tún pè é lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí kò gbọ́ ìdáhùn. Kíláàsì tó kún fún ọmọ, àti olùrànlọ́wọ́ tó dúró lẹ́yìn, ló máa ru ìṣẹ́jú yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú orúkọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, lórí ìwé, lórí dúrọ́ọ̀, lára àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń lọ sí fóònù òbí pé ọmọ yín kò wá sílé ìwé lónìí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò, ìwọ̀n kan wà tí Beth Hudnall Stamm ṣe, tí wọ́n ń pè ní ProQOL. Ìbéèrè 30 ni, nípa bí nǹkan ṣe rí ní ọjọ́ 30 tó kọjá, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ń wo ìpayà yìí, ó ń wo àárẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń wo adùn tí èèyàn ń rí nínú ríran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, èyí tí mo fẹ́ràn, nítorí òótọ́ ni pé adùn náà wà. Kì í sọ pé èèyàn ní àìsàn. Ó kàn ń tọ́ka ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní fún àwọn ọ̀gá tó bá fẹ́ pín in fún òṣìṣẹ́ wọn: ẹ má gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí máàkì ẹnì kan bá wọ inú fáìlì ìgbéga rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún máa sọ òótọ́ mọ́.

Bó bá ti lé ní oṣù kan tí àlá náà kò lọ, tí iṣẹ́ tàbí ilé ti ń bàjẹ́, ó ti kọjá ohun tí ẹlẹgbẹ́ lè gbọ́. Kí onítọ̀hún rí oníṣègùn. Ìtọ́jú tó ṣiṣẹ́ wà: ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn oríṣi ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó ń bá ìrònú àti ìrántí ìpayà ṣiṣẹ́, àti èyí tí wọ́n ń pè ní EMDR, níbi tí èèyàn ti ń yí ojú síhìn-ín sọ́hùn-ún bó ṣe ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, fún àwọn tí àìsàn náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lára wọn. Àjọ kan náà kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fún ẹni tí ìpayà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ní oògùn amúnisùn onírúurú tí ara ń tètè mọ́.

UNESCO sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2024 pé àgbáyé nílò olùkọ́ mílíọ̀nù 44 sí i kó tó di 2030, àti pé àwọn tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ń pọ̀ sí i. Owó oṣù àti ẹrù iṣẹ́ ló wà níwájú nínú ìdí tí wọ́n ń lọ, mi ò ní purọ́ pé ìpayà àfaragbá ló lé gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ nítorí rẹ̀ kì í kọ ọ́ sínú lẹ́tà. “Ìdí ti ara ẹni” ló máa ń kọ.

Ọ̀gá ilé ìwé ló wà ní ipò tó ṣòro jù. Ohun tí olùkọ́ kan gbọ́ ní kíláàsì kan, òun ló ń gbọ́ ti gbogbo kíláàsì. Òun ni wọ́n ń gbé fọ́ọ̀mù wá bá, òun ló ń gba ìpè ọlọ́pàá, òun ló ń jókòó ti òbí tí ọmọ rẹ̀ kú, tó sì máa jáde síta láti bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ bíi pé ohùn òun kò gbọ̀n. Kò lè sọ ọ́ fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà lókè rẹ̀ ló ń pinnu bóyá wọ́n máa gbé e ga. Níbi tí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ bá ti fẹ́ ṣe nǹkan gidi, kí wọ́n so ọ̀gá méjì láti ilé ìwé méjì tó jìnnà síra pọ̀, kí wọ́n fún wọn ní wákàtí kan lóṣù láti jókòó, kí wákàtí náà wà lára iṣẹ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè ìròyìn ohun tí wọ́n sọ.